Ọjọ́ Tí Bàbá Bọ́-Bàtà Jókòó

Ọ̀rẹ́ mi jẹ mí ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà, kò sì fẹ́ san án. Òun ló ń tọ́jú gbọ̀ngàn bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ní yunifásítì láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ. Owó bọ́ọ̀lù nìkan ò lè tan iná ibẹ̀, ni wọ́n fi ń ṣèdánwò níbẹ̀, tí wọ́n ń ka ìbò, tí wọ́n sì ń ṣe ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Tí bàtà ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ha ilẹ̀ onípákó yẹn, á pariwo mọ́ ọn. Bàbá Bọ́-Bàtà làwọn ọmọ ń pè é.

Nígbà tó kan ọmọbìnrin rẹ̀ láti jáde, ọmọ náà bẹ̀ ẹ́: "Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, lọ́jọ́ tèmi, ẹ jókòó kẹ́ ẹ wò mí."

Mo ní ilẹ̀ yẹn ò ní jẹ́ kó jókòó títí ètò á fi parí. Bí a ṣe ta tẹ́tẹ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún náà nìyẹn.

Lọ́jọ́ náà, ó jókòó tì mí láàárín àwọn òbí. Ẹnìkan wọ́ àga lẹ́yìn wa, ni ọ̀rẹ́ mi bá di apá mi mú bí ẹni tí eyín ń dùn.

"Ṣé o gbọ́ yẹn?"

"Dìde, jàre. Owó mi ti ń bọ̀."

Kò dìde. Wọ́n pe orúkọ ọmọ, gbogbo èèyàn nàró, òun nìkan ló jókòó. Ọmọ ń wá a kiri láti orí pèpéle, kò rí i, ojú rẹ̀ sì fà ro. Ni bàbá bá gun orí àga tòun ti bàtà, ó ń juwọ́. Àga ń ha ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, kò tiẹ̀ gbọ́.

"San owó mi," ni mo wí.

"Tẹ́tẹ́ ilẹ̀ la ta. Ti ọmọ kọ́."

Mo ṣì ń sìn ín ní gbèsè náà.