Mo Lọ Wo Ilé Tí Ọmọ Mi Fẹ́ Fẹ́sí ní Iléṣà

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa nígbà tí mo ti ilẹ̀kùn ilé mi ní Dàda Estate, ní Òṣogbo, tí mo gbé àpò iṣu sórí, mo sì kọrí sí gáréèjì. Ìwádìí ni mò ń lọ ṣe, bí àwọn àgbà ti máa ń ṣe kí wọ́n tó fọmọ fọ́kọ. Dúpẹ́, àbígbẹ̀yìn mi, ti mú ọkọ wá: Músá, ọmọ Ìgbìrà tí wọ́n bí sí Iléṣà. Àwọn àbúrò mi yarí. Wọ́n ní àjèjì ni, pé bàbá rẹ̀ ò ju alágbàṣe oko kòkó lọ. Dúpẹ́ náà yarí, ó ní bí kì í bá ṣe Músá, òun ò lọ́kọ. Aránṣọ ni mí. Ojú ni mo fi ń wọn ènìyàn kí n tó mú téèpù. Mo ní kí gbogbo wọn fọwọ́ wọ́nú, ohun tí ojú mi bá rí lọ́hùn-ún ni màá fi dáhùn.

Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni dẹ́rẹ́bà gbà lọ́wọ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Títì náà dán níbì kan, kòtò gbà á níbòmíràn. Lẹ́yìn tí a kọjá odò Ọ̀ṣun, oko kòkó bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ ọ̀nà, wọ́n sì sá èso rẹ̀ sẹ́bàá títì, tí òórùn kíkan rẹ̀ gba inú ọkọ̀.

Dẹ́rẹ́bà wo àpò mi nínú dígí. "Mọ̀mí, iṣu lẹ tún ń gbé lọ fún Ìjẹ̀ṣà? Ẹ kúkú pọnmi lọ sódò!"

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Mo ní kó máa wo iwájú rẹ̀.

Nígbà tí mo dé àdúgbò tí Músá júwe, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n. Ìyá Ìbò kan tó ń ta páàtì ọkọ̀ ń pe ọmọ rẹ̀: "Wá sí ulé!" Bẹ́ẹ̀ ni àwọn Ìjẹ̀ṣà ń pe ilé, ó sì dún lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀. Inú agbolé Músá, níbi tí ìyá náà ń gbé, ni ilé alájà kan wà, tí sólà ń dán lórí rẹ̀. Ilé alámọ̀ kan fara tì í, páànù rẹ̀ ti dípẹtà. Ọkùnrin kan jókòó níwájú ilé alájà náà, ó wọ búbá àti ṣòkòtò funfun. Ọ̀gbẹ́ni Fọlárìn ni, onílẹ̀ tí Músá ti sọ fún mi nípa rẹ̀, tó ń ta aṣọ. Ní Òṣogbo, bí ti Iléṣà, àgbà agbolé là ń gbé ẹrù síwájú rẹ̀. Mo wo ilé, mo wo aṣọ, mo yan àgbà. Mo kúnlẹ̀, mo gbé iṣu mi kalẹ̀.

Ó fò sẹ́yìn bí ẹni rí ejò. "Háà, yèyé! Ẹ má gbé uṣu yìí síwájú mi. Ẹni tó jù mí lọ ń bẹ nínú ulé!" Ìyá ni yèyé lẹ́nu wọn.

Ó gbé iṣu náà fúnra rẹ̀, ó mú mi wọ ilé alámọ̀. Bàbá arúgbó kan jókòó, ó ń bó obì. Bàbá Músá nìyẹn. Ọ̀gbẹ́ni Fọlárìn dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku, pẹ̀lú aṣọ funfun yẹn.

"Ẹ̀gbọ́n, a lálejò."

Ẹnu yà mí, orí mi sì wú. Nígbà tó dìde, ó ní, "Bàbá mi ló gbà wọ́n sílé, kí wọ́n tó bí mi. Ẹni tí a bá nílé, ẹ̀gbọ́n ẹni ni."

Bàbá náà pín iṣu mi. Ti ìyá Ìbò kò gbẹ́yìn. Wọ́n gún iyán, gbogbo wa ṣanwọ́ nínú abọ́ kan, mo sì ń wò wọ́n bí ẹni tí kò jẹun rí. Mo ti ń múra bí màá ṣe pa àwọn àbúrò mi lẹ́nu mọ́.

Òjò dé. Páànù ń jò. Bàbá Músá rọra ti abọ́ síbi tó ń kán, Ọ̀gbẹ́ni Fọlárìn náà sún àpótí rẹ̀ sẹ́yìn láìwòkè, bí ẹni tó ti mọ ibi tómi ń bọ́ sí. Inú bí mi.

"Ẹ̀gbọ́n tẹ́ ẹ dọ̀bálẹ̀ fún nìyí," ni mo wí. "Ẹ ò wá rí òrùlé wọn ni?"

Bàbá Músá ló rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bá a wí, yèyé. Ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀, ilẹ̀ ló ń wò."

Nígbà náà ni Ọ̀gbẹ́ni Fọlárìn gbójú sókè. Ó pẹ́ kó tó gbé e wálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mò ń rò títí ọkọ̀ fi gbé mi padà. Mo ti gbà pé ẹni tí wọ́n bá ń bọ̀wọ̀ fún, kò sí ohun tó tún kù ún kù mọ́, àṣé ọ̀tọ̀ ni téèpù ọ̀wọ̀, ọ̀tọ̀ ni ti òrùlé.

Dúpẹ́ ti ń dúró lẹ́nu géètì. "Màámi, ṣé ẹ gbà?"

"Àjèjì kọ́ ni wọ́n níbẹ̀," mo dá a lóhùn. "Ìwọ gan-an ni wàá jẹ́ àjèjì. Ọmọ tó ń rá kiri tó o bá bá nínú agbolé yẹn, ẹ̀gbọ́n rẹ ni, o ò sì gbọdọ̀ pè é lórúkọ."

Omi lé sí i lójú, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbà nìyẹn?"

"Mo gbà. Ṣùgbọ́n sọ fún Músá: kó gbé páànù lọ sí Iléṣà kó tó gbé ìdána wá sí Òṣogbo."