Wáyà Pupa Méjì Inú Rélùwéè Bàbá Wa

Òórùn òjé tó ń yọ́ ni mo gbọ́ láti ilé ìdáná ní àárọ̀ Sátidé tó kọjá. Ọbẹ̀ ṣì wà lórí iná, ṣùgbọ́n mo ti dé yàrá ọmọ mi obìnrin kí n tó mọ̀ pé mo ti gbéra. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń fi irin gbígbóná lẹ wáyà yíàpíìsì rẹ̀ tó já. Mo ní kí ó ṣí fèrèsé, mo ní kí ó wọ bàtà, mo ní kí ó di irun rẹ̀ sẹ́yìn, mo ní kí ó sún kúrò nídìí kọ́tìnì. Ó ní, "Ẹ̀yin náà, Mọ́mì! Wáyà kan péré." Ó rò pé iná ló ń bà mí lẹ́rù.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ayé ológun ni mo ń sọ fún yín, nígbà tí bẹntiróòlù wọ́n bí ojú, tí iná mànàmáná sì máa ń wá bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó. Ará Èkìtì ni wá, ṣùgbọ́n Aradagun, ní ilẹ̀ àwọn Ègùn létí òkun, la ń gbé. Iṣẹ́ rélùwéè ni Bàbá wa ṣe kí wọ́n tó dín òṣìṣẹ́ kù. Fìlà iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ló mú bọ̀ wálé. Lẹ́yìn ọdún bíi méjì, òyìnbó kan tí wọ́n ti jọ ṣiṣẹ́ rí fi rélùwéè àfiṣeré kan ránṣẹ́ sí i. Àfiṣeré ni mo pè é, ṣùgbọ́n ẹ má fojú kékeré wò ó. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gùn tó apá àgbàlagbà, ó wúwo bí iṣu tó dágbà, ojú irin rẹ̀ sì yí pálọ̀ wa ká, ó gba abẹ́ àga, ó gba ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tí kò sí epo láti wa mọ́tò, Bàbá yọ bátìrì rẹ̀, ó fi ń gbé rélùwéè náà rìn. Ìyá wa a máa sọ pé nínú ọkọ̀ méjì tó wà nílé àwọn, èyí tí kò lè gbé ènìyàn ló ń rìn.

Ohùn rẹ̀ ló wù wá jù. Páńẹ̀lì kékeré kan tí kò ju bisikíìtì kan lọ wà nínú ikùn rẹ̀. Òun ló ń gba àṣẹ láti ọwọ́ Bàbá, òun náà ló ń mú ohùn jáde. Ó ń mí hẹ̀ẹ́-hẹ̀ẹ́ bí ẹni tó ru ẹrù gun òkè, ó ń lu agogo, ó sì ń fọn fèrè. Bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì dé lọ́jọ́ Àìkú, Bàbá a dé fìlà rẹ̀, a fọn fèrè yẹn, ojú rẹ̀ a sì padà di ojú ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́.

Nígbà tó yá, ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í já. Bàbá ránṣẹ́ sí Bàbá Sẹ̀nami, Ègùn tó ń tún rédíò ṣe nítòsí ọjà Agbalata. Ojú ti ń ṣe bàìbàì fún un, nítorí náà Sẹ̀nami ọmọ rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi, ló ń bá a di irin mú. Nọ̀ví ló máa ń pè mí, ìyẹn ọmọ ìyá lédè wọn. Àǹtí rẹ̀ kan ní Àjàṣẹ́, ní òdìkejì ààlà, fẹ́ kí ó wá bá òun ta aṣọ, ó ní kí ni obìnrin ń wá nídìí rédíò. Bàbá rẹ̀ ní kí rélùwéè yìí parí ẹjọ́ náà. Ojú mi ló ṣe sọ ọ́: "Bó bá sọ̀rọ̀, o jókòó síbí. Bí kò bá sọ̀rọ̀, o tẹ̀lé àǹtí ẹ."

Sẹ̀nami dojú bolẹ̀ ní pálọ̀ wa, ó fi etí ti ojú irin. Rélùwéè yí ká lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ ló ń dùn ún, Bàbá, kì í ṣe ọ̀fun. Ìgbà tí táyà rẹ̀ bá ta gìrì ni ohùn ń já."

Bàbá wa rẹ́rìn-ín. "Ẹ wo ọmọ! Etí rẹ̀ mọ iṣẹ́ ju ojú ọ̀gá lọ."

Mo ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì nígbà náà, mo sì gba ipò kejì ní kíláàsì. Ohun tí Bàbá bi mí ni ẹni tó gba ipò kìn-ín-ní. Ọ̀rọ̀ ìyìn tó fún Sẹ̀nami yẹn wọ̀ mí lára bí ẹ̀gún.

Wọ́n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Afẹ́fẹ́ òkun ti mú ìpẹtà bo táyà rẹ̀. Kò sí sípíríìtì, sódabì, ògógóró àwọn Ègùn, ni Bàbá Sẹ̀nami fi nù ún. Díẹ̀ fún táyà, díẹ̀ fún ọ̀fun ara rẹ̀. Sẹ̀nami fi bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan sípíkà, ó hó ṣààà, a mọ̀ pé ó yè. Ìgbà tó ṣí ikùn rẹ̀ ló rí wáyà méjì tí ìpẹtà ti jẹ, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Ó gé ibi tó ti jẹrà kúrò. Bàbá rẹ̀ ń lọ wá òjé ní ṣọ́ọ̀bù kejì, ó na ìwé tó bá rélùwéè wá sí mi. "Ìwọ tó gbọ́ òyìnbó, kà á fún un. Fara balẹ̀ o."

Nínú ìwé náà, àwọ̀ wáyà méjèèjì ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tó pupa gan-an ni kí a so mọ́ ibi tí iná ti ń gba ojú irin wọlé. Èyí tó dà bí ọsàn ni kí a so mọ́ ohun tó ń yí táyà. Bí a ṣe ń pè é nílé ni mo pè é: "Pupa ni kí o so mọ́ ti ojú irin."

"Pupa méjì ló wà níbí, nọ̀ví. Èyí bí ẹ̀jẹ̀, èyí bí epo. Èwo?"

Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ìlà kan péré ni ǹ bá tún kà. N kò wò ó.

"Èyí bí epo. Ṣé ìwọ ò tíì rí pupa rí ni, ìwọ onímọ̀ etí?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ so ó láì dúró de òjé. A tan bátìrì. Rélùwéè náà kò mí, kò lu agogo. Èéfín tín-ín-rín kan rú jáde láti ikùn rẹ̀, òórùn òjé tó ń yọ́ sì kún ṣọ́ọ̀bù. Nínú òórùn yẹn ni Bàbá Sẹ̀nami àti Bàbá wa bá wa.

"Ta ló so wáyà yìí?" Èmi ni Bàbá wa bi.

"Sẹ̀nami ni, sà."

Òótọ́ ni. Títí di òní, n kò tíì pa irọ́ tó burú tó òótọ́ yẹn.

Sẹ̀nami wò mí. Ó fi àyè sílẹ̀ fún mi kí n sọ̀rọ̀. Nígbà tí n kò gba àyè náà, ó kúnlẹ̀. "Èmi ni, Bàbá. Ẹ má bínú."

Bàbá wa kò pariwo. Ó ń sọ pé, "Kò burú, kò burú," ó fi aṣọ wé ẹ́ńjìnnì náà, ó gbé e mọ́ àyà. Bàbá Sẹ̀nami gba irin lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ó tó." Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Sẹ̀nami ti wọ ọkọ̀ Àjàṣẹ́. N kò lọ dágbére.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ti yí padà. Fóònù ni wọ́n ń tún ṣe nítòsí Agbalata báyìí, mo sì ti rí ọmọbìnrin méjì nídìí tábìlì ibẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè ohun tí wọ́n ń wá. Mo dúró wò wọ́n títí ọ̀kan fi bi mí pé kí ló bàjẹ́. Bàbá wa ti kú, ó kú láì gbọ́ fèrè yẹn mọ́. Bàbá Sẹ̀nami náà ti kú. Mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀, mo jẹun, mo gbọ́ tí wọ́n ní ọmọ rẹ̀ ń ta aṣọ ní Kútọnu, mo sì tún dákẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́ fún: Sẹ̀nami kò ba rélùwéè náà jẹ́. Èmi ni.

Àwọn ọmọ mi ní àṣejù ti wọ ọ̀rọ̀ mi. Bí abọ́ bá fọ́, tí ọ̀kan bá nawọ́ sí èkejì, n kì í gba òótọ́ ẹni tó nawọ́ lójú ẹsẹ̀. Èmi a kọ́kọ́ mú un jókòó, èmi a bi í pé, "Kí ni o sọ fún un kí ó tó ṣe é?" Ẹnikẹ́ni kò bi mí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ká ní wọ́n bi mí, n kò lè búra pé ǹ bá dáhùn.