Ìlà Òfìfo Inú Ìwé Ẹyẹ

Wọ́n ti sọ ìwé ẹyẹ wa di ohun tí wọ́n fi ń di ẹ̀pà ní Ọjà Ọba, Òṣogbo.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ra ẹ̀pà yíyan níbẹ̀. Òórùn rẹ̀ ni mo ń fà símú tí mo fi rí ọwọ́ ìkọ̀wé tí mo mọ̀ lára ìwé náà, nọ́ńbà lórí nọ́ńbà, tó tò bí eyín àgbàdo. Láti ọjọ́ náà, ara mi ò balẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, nígbà èwe wa, bí ọyẹ́ bá ti dé, àìmọye alápàáǹdẹ̀dẹ̀ máa ń ti òkè òkun wá sùn sínú eèsún etí àbàtà kan nítòsí Ìwàràjà. Ní ìrọ̀lẹ́, wọn a ṣú bo ojú ọ̀run, wọn a máa yí bíríbírí, lójijì wọn a já wọ inú koríko. Bàbá Ẹlẹ́yẹ, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì, ló kọ́ àwa ọmọ ilé ìwé mẹ́rin bí a ṣe ń ta àwọ̀n, tí a ń yọ ẹyẹ láìṣẹ́ ìyẹ́ rẹ̀, tí a ń fi òrùka pẹ́ńpẹ́ sí i lẹ́sẹ̀, tí a sì ń tú u sílẹ̀. Nọ́ńbà wà lára òrùka. Ẹni tó bá tún ẹyẹ náà mú níbòmíràn yóò kọ lẹ́tà sí wa. Ìwé wa ni yóò sọ ìgbà àti ibi tó ti kúrò lọ́wọ́ wa.

Ẹ ò lè mọ adùn rẹ̀: ọrùn ẹyẹ láàárín ìka méjì, àyà rẹ̀ gbígbóná ń lù kìkìkì ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ. Yèyé mi wá wò wá lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Òrùka lẹ́sẹ̀? Ta wá ni ọkọ rẹ̀?"

Bàbá ní, "Ìyá, kò tíì sọ fún wa."

Ìrọ̀lẹ́ kan, a mú èyí tó ti gba òrùka wá láti òkè òkun. Ayọ̀ mú mi la ọwọ́ kí a tó ka nọ́ńbà rẹ̀, ó sì fò lọ. Mo ní mo rí méje níwájú, kí a ṣáà kọ nǹkan. Bàbá ò jágbe mọ́ mi. Ó fi ìlà ẹyẹ náà sílẹ̀ lófìfo, ó kọ orúkọ mi sétí rẹ̀. "Irọ́ ò gbọdọ̀ wọ ìwé yìí."

Ojú ìwé tó ní ìlà òfìfo yẹn gan-an ni wọ́n fi di ẹ̀pà mi.

Nígbà tí Bàbá kú, ìwé mọ́kànlá la kó lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan ní Òṣogbo. Ọ̀gá ibẹ̀ buwọ́ lùwé pé òun gbà á. Ẹ̀dà ìwé tó buwọ́ lù náà wà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo padà lọ béèrè, akọ̀wé kan rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n, a ti palẹ̀ yàrá yẹn mọ́. Àbí ẹyẹ ń kàwé ni?"

Ẹyẹ ò kàwé, àmọ́ ó ṣì ń wá. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, mo dúró létí àbàtà náà. Wọ́n ti ro ìdajì eèsún rẹ̀. Àwọn ẹyẹ ṣì já wọ ìdajì tó kù.

Ẹ̀yin ará ọ́fíìsì yẹn, ta ló kó ìwé wa síta? Ta ló pàṣẹ? Níbo ni mẹ́wàá yòókù wà? Bí lẹ́tà bá dé lọ́la láti òkè òkun, tí wọ́n béèrè ibi tí òrùka ẹsẹ̀ ẹyẹ kan ti wá, ta nínú yín ni yóò dá wọn lóhùn? Ẹ fún mi lésì, kí ẹ sì buwọ́ lù ú.