Ẹ̀yìn Ṣẹ́ẹ̀tì Lára Ògiri

"Gbé imú ẹ̀ sókè díẹ̀." Ohun tí ẹ̀gbọ́n tó ń dá gbé fúláàtì tó kọjú sí tiwa ní Festac máa ń sọ nìyẹn láwọn ọdún 1980, bí bàálù bá ti gba orí ilé wa kọjá, bí ẹni ń bá awakọ̀ ẹ̀ sọ̀rọ̀. Bó ń jẹun lọ́wọ́, á dúró.

Bàálù kékeré ló fi ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń fò, nígbà táwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti ń wa bàálù ńlá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Kò sí fọ́tò ẹnì kankan lára ògiri ẹ̀, àfi àgékù ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ orúkọ sí.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ fi wọ́n ṣe?"

"Ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ mi bá kọ́kọ́ dá fò, mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ fún un, kí n dá dúró nílẹ̀. Tó bá padà balẹ̀ láyọ̀, màá gé ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀, màá kọ orúkọ ẹ̀ sí i; àṣà àwa tó ń kọ́ni ní bàálù ni, láti fi hàn pé kò nílò mi lẹ́yìn ẹ̀ mọ́. Láàárọ̀ tí mi ò bá fẹ́ dìde, àwọn ni mo máa ń wò."

Nígbà tó ríṣẹ́ bàálù ńlá, ó wá dágbére fún wa. Mo kí i kú oríire.

"Níbi tí mò ń lọ," ló wí, "kò sẹ́ni tí màá gé ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀."

Bàálù kan kọjá lókè. Kò gbójú sókè. Èmi ni mo bá a sọ ọ́: "Gbé imú ẹ̀ sókè díẹ̀."