Obìnrin Tó Ń Sin Kòkòrò Òwú

Àwọn ará ilé iṣẹ́ ìwádìí òwú kì í yé fi tọkọtaya náà ṣe yẹ̀yẹ́: ìyàwó ń bọ́ kòkòrò, ọkọ ń pa á. Òótọ́ sì ni. Inú yàrá kan ni ìyàwó, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Kòkòrò, ti ń sin ìdin tó máa ń jẹ èso òwú, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ike tirẹ̀, torí wọ́n a máa jẹ ara wọn bí ẹ bá kó wọn pọ̀. Ẹ̀wà lílọ̀ ló ń fún wọn jẹ. Bí wọ́n bá tóbi tó, àwọn ọ̀gá á fi wọ́n dán oògùn apakòkòrò wò, kí wọ́n lè mọ èyí tó ṣì lágbára. Oògùn tó bá yege, ọkọ rẹ̀ ni yóò gbé e kọ́ ẹ̀yìn, tí yóò máa fín in sóko òwú.

Èèwọ̀ kan ṣoṣo ló wà nínú iṣẹ́ obìnrin náà: oògùn kò gbọdọ̀ kàn án lára. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ, ó dì mọ́ ọkọ rẹ̀ bó ti ń ti oko bọ̀. Kí ọ̀sán ọjọ́ kejì tó pọ́n, gbogbo ìdin ti kú pátá. Díẹ̀ ló kù kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹ̀rọ omi ẹ̀yìnkùlé ni ọkọ ń kọ́kọ́ lọ bó bá dé. Bí kò bá tíì wẹ̀, kò sí ìfọwọ́kàn.

Aláwàdà sì ni ọkùnrin náà. Bó bá dé ẹnu ọ̀nà, a máa ta gbọ̀ngbọ́n bí ọ̀mùtí. “Yéè! Oògùn ti mú mi o! Ìyá Kòkòrò, wá gbá mi mú!”

“Ẹ wẹ̀ ná, bàbá ọmọ mi,” ni ìyàwó á wí, tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Lọ́jọ́ kan, oògùn tuntun ló lọ fín, atẹ́gùn sì ń fẹ́ ẹ padà sí i lára títí iṣẹ́ fi parí. Ó délé, ó di férémù ilẹ̀kùn mú, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀.

“Ìyá Kòkòrò, gbá mi mú.”

Aṣọ ni ìyàwó ń ká, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ wẹ̀ ná.”

Ẹ má bínú sí i. Ẹ̀yin náà ì bá rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà kò jiyàn, ó rọra gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ìgbà tí omi ń dà tí kò dá ni obìnrin náà sáré lọ wò ó, ó bá ọkọ rẹ̀ nílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ. Ó gbá a mú, ó fi ẹnu kan iwájú orí rẹ̀, ó ń pe orúkọ rẹ̀. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn, ó ti kú sórí itan rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì gbọ́ òórùn oògùn, ó gbé ọṣẹ àti omi wá. “Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọ ọwọ́ yín. Májèlé wà níbẹ̀.”

Obìnrin náà kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

“Ẹ fi mí sílẹ̀, nọ́ọ̀sì. Ojoojúmọ́ ni mò ń ní kí bàbá ọmọ mi wẹ̀ kí n tó fọwọ́ kàn wọ́n. Mi ò ní fọ ọwọ́ mi.”