Kámẹ́rà Kò Mọ Ìkúnlẹ̀

Bí ẹ bá dé Tchaourou, tí ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí zémìjàn, ìyẹn ọ̀kadà akérò, nítòsí ojú irin, ẹ béèrè Rachidi. Ẹ má wulẹ̀ béèrè orúkọ bàbá ẹ̀, ẹ sáà ní Rachidi àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n á nàka sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kékeré kan tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni tèmi. Èmi ni Modúpẹ́ aránṣọ. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa, kò sì nípọn. Kò sí ohun tí wọ́n ń sọ lọ́hùn-ún tí etí mi kì í gbọ́. Ẹni tó bá ní olófòófó ni mí, kó wá bá mi mọ ògiri tó dáa síbẹ̀.

Rachidi fúnra ẹ̀ lọ fásitì rí. Bàbá ẹ̀ ló kú láìròtẹ́lẹ̀, ló bá padà wálé wá gba oko kajú àti àwọn àbúrò. Kò parí ìwé ẹ̀. Mo rò pé ìyẹn ló fi ń ṣe iṣẹ́ tó ń ṣe yìí bí ẹni tí wọ́n dè mọ́ ọn. Àwọn ọmọ Bétérou, àwọn ti Kika, àwọn tó ń ka fásitì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nínú oko iṣu níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ò ti sí, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni wọ́n ń gbé gbogbo wàhálà wọn wá. Ọ̀kan á ṣe iṣẹ́ tí olùkọ́ fún un parí, á pa kọ̀ǹpútà dé láìtẹ ibi tí wọ́n ti ń fi í ránṣẹ́, á wá máa ké pé olùkọ́ kórìíra òun. Òmíràn á gbàgbé ọ̀rọ̀ tó fi ń wọlé, á ní wọ́n ń ṣe òun láti ilé ni. Rachidi á fa àga sún mọ́ ọn, á ní, "Fara balẹ̀. Tún un tẹ̀ níṣojú mi." Kì í jágbe mọ́ wọn. Èmi tí mo ń jágbe mọ́ abẹ́rẹ́ tí kò gbẹnu sọ̀rọ̀, mo máa ń wò ó ni.

Àlébù kan ló ní. Kò lè wojú àgbàlagbà kó ní rárá. Arúgbó tó bá ní kó gbé òun lọ sí Kika nínú òjò, ó ti gun ọ̀kadà nìyẹn. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Rachidi, ọjọ́ kan ni wọ́n á ní kó o gbé ṣọ́ọ̀bù yìí fún àwọn, wàá ní ẹ gbà, ẹ ṣeun." Á rẹ́rìn-ín, á ní, "Tata Modúpẹ́, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre."

Ẹ jẹ́ n wá sọ ti Latifath.

Ọmọ Kika ni Latifath, ọmọbìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan tí ìwé ń wù bí oúnjẹ. Ọdún tó kẹ́yìn ló wà. Àwọn àbúrò bàbá ẹ̀ ti fohùn ṣọ̀kan pé bí kò bá gbàwé ẹ̀rí lọ́dún yìí, ìwé ti tán, kó máa lọ sílé ọkọ. Bàbá nìkan ló dúró tì í láàárín gbogbo wọn. Ó ní ọmọ òun á di olùkọ́, ẹni tó bá fẹ́ kó bínú. Nítorí náà, ìdánwò tó kù yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Bó bá bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó bọ́ nìyẹn.

Ìdánwò fásitì yẹn kì í ṣe èyí tí olùkọ́ ń rìn kiri láàárín àga. Kámẹ́rà kọ̀ǹpútà ló ń ṣọ́ wọn. Ojú akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ wà níwájú ẹ̀ títí tó fi máa parí. Kò gbọ́dọ̀ kúrò lórí àga, ohùn ẹlòmíràn ò sì gbọ́dọ̀ wọ yàrá. Bí ẹ̀rọ náà bá ti rí i tàbí gbọ́ ọ, ó parí nìyẹn, á ti ìdánwò mọ́ ọn lójú. Rachidi ṣàlàyé èyí fún Latifath títí ọ̀rọ̀ fi sú èmi tí mò ń gbọ́ ọ látòdìkejì ògiri. Ó ní, "Bí ìtọ̀ bá gbọ̀n ẹ́, mú un mọ́ra. Bí eṣinṣin bà sí ẹ nímú, jẹ́ kó bà." Ó wá bẹ èmi náà kí n má tẹ maṣín mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo gbà. Mo jókòó, mò ń fi ọwọ́ gbá etí aṣọ.

Latifath ti jáde nílé láàárọ̀ kùtù nítorí òjò tó ṣú. Bàbá ẹ̀ wà ní mọ́ṣáláṣí, ọmọ náà ò dúró gba àdúà lẹ́nu ẹ̀. Nílé wọn, ọmọ kì í lọ ibi ìdánwò láìgba àdúà bàbá. Bí Bàbá ṣe délé tí kò bá a, ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀. Ló bá gun ọ̀kadà, ó di Tchaourou.

Ìdánwò ti bẹ̀rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Rachidi gbé bẹ́ǹṣì dí ẹnu ọ̀nà, ó jókòó lé e. Mo gbọ́ tí ọ̀kadà dúró. Mo gbọ́ tí Rachidi ń kí Bàbá wúyẹ́wúyẹ́. Àní mo gbọ́ tó ń gbé bẹ́ǹṣì kúrò! Mo ní, háà, Rachidi! Ṣé ó ti gbàgbé ni? Kò gbàgbé. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló sọ fún mi pé ẹnu òun ò kàn lè là ni. Bàbá Latifath, ẹni tó dúró ti ọmọ ẹ̀ láàárín gbogbo ẹbí, kí òun wá ní kó má wọlé?

"Latifath," ni Bàbá wí.

Kí ni ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé máa ṣe? Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó kúnlẹ̀. Orúnkún ẹ̀ ti kanlẹ̀ kó tó rántí kámẹ́rà. Bàbá gbé ọwọ́ lé e lórí. Ó ní Ọlọ́hun á ṣí i lọ́pọlọ, ojú ò ní tì í, ilẹ̀kùn kan ò ní tì mọ́ ọn. Latifath ní àmín. Rachidi lẹ́nu ọ̀nà ní àmín. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, èmi náà ṣe àmín níbi tí mo jókòó sí.

Nígbà tó fi máa dìde, ẹ̀rọ náà ti ti ìdánwò pa. Wọ́n kọ ọ́ sójú ẹ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ kúrò níwájú kámẹ́rà, ohùn àjèjì sì wà nínú yàrá. Ohùn àjèjì! Bàbá tó bí i lọ́mọ! Inú bí mi débi pé mo fi abẹ́rẹ́ gún ara mi lọ́wọ́.

Bàbá ò mọ nǹkan kan. Ó ti gun ọ̀kadà ẹ̀ padà, inú ẹ̀ ń dùn.

Rachidi kọ̀wé sí àwọn fásitì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ṣàlàyé. Wọ́n ní kí ẹni tó wọlé náà wá fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ níwájú kámẹ́rà, àwọn á tún ọ̀rọ̀ náà wò. Latifath kọ̀ jálẹ̀. "Tonton Rachidi, kí n wá sọ fún bàbá mi pé àdúà ẹ̀ ló bà á jẹ́? Mi ò lè ṣe é. Kí wọ́n kúkú gbé mi fọ́kọ." Ó sunkún títí ojú ẹ̀ fi wú. Òun àti Rachidi bá parọ́ fún Bàbá pé nẹ́tíwọ̀kì ló lọ, pé wọ́n á tún ìdánwò náà ṣe. Òtítọ́ sì ni pé àtúnṣe wà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tún ṣubú nínú ìyẹn, kò sí òmíràn mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni Rachidi ò ti gbádùn. Ó rù. Bí mo bá fún un lóúnjẹ, á fọwọ́ yí i kiri inú àwo. Mo ní, "Lọ sọ fún Bàbá kó má wá mọ́." Ó ní òun ti ń lọ. Kò lọ. Ó kàn pe Bàbá lórí fóònù pé ọ̀sán ni kó wá lọ́jọ́ ìdánwò, nígbà tí Latifath á ti parí, ó rò pé ìyẹn ti tó.

Àárọ̀ ni Bàbá dé. Ó ní èṣù ló mú nẹ́tíwọ̀kì lọ lọ́jọ́sí, nítorí náà òun fẹ́ ṣàdúà tó gùn lọ́tẹ̀ yìí.

Ọlọ́run ló yọ mí tí mi ò fi bọ́ síta lọ dí ọ̀nà fúnra mi. Mo yọjú. Rachidi ti fa ilẹ̀kùn dé sẹ́yìn, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí ẹnu ọ̀nà, àyà ẹ̀ kanlẹ̀, ó dí gbogbo ibẹ̀ pátá.

"Dìde, ọmọ mi, o ṣé," ni Bàbá wí. Ó rò pé ó ń kí òun ni.

Rachidi ò dìde. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ má wọlé." Ohùn ẹ̀ rẹlẹ̀ débi pé agbára káká ni mo fi gbọ́ ọ. Ibẹ̀ lórí ilẹ̀ ló ti sọ gbogbo ẹ̀.

Bàbá dúró. "Ó kúnlẹ̀ kí mi ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ìyẹn ni wọ́n tìtorí ẹ̀ lé e?"

"Ìyẹn náà ni, Bàbá."

Bàbá wá sọ́dọ̀ mi, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà mi. Mo fún un lómi, kò mu. Ètè ẹ̀ ń mì, ó ń ṣàdúà, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ bo ẹnu kí ohùn má baà jáde. Ọkọ mi kú, mi ò sunkún báyẹn. Mo kọ̀yìn sí i kó má baà rí ojú mi.

Latifath parí, ó jáde, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó rí Bàbá, orúnkún ẹ̀ ti ń tẹ̀. Bàbá sáré di apá ẹ̀ méjèèjì mú. "Má kúnlẹ̀. Má kúnlẹ̀ fún mi mọ́." Ọmọ náà wo Rachidi. Ó mọ̀ pé ó ti sọ ọ́. Kò kí i kó tó gun ọ̀kadà.

Latifath yege o. Ó yege dáadáa, àwọn àbúrò bàbá ẹ̀ sì panu mọ́. Rachidi fúnra ẹ̀ ló gbé ìwé ẹ̀rí náà lọ sí Kika, nítorí Latifath ò yà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ mọ́. Ó ní Bàbá gba ìwé náà, ó fi kanrí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Latifath wá kúnlẹ̀ níwájú bàbá ẹ̀ láti dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Bàbá yíjú kúrò, ó fa ọmọ ẹ̀ sókè lápá.

"Dìde, ọmọ mi. Dìde, kí wọ́n lè máa rí ẹ."