Àpò Tí Wọ́n Ń Tọ́jú De Inspẹ́kítọ̀

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ Kòfowórọlá Ayẹni bí wọ́n ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lára ẹni tó fara gbọgbẹ́, ara rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́. Olùkọ́ ìṣirò ni, nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Agbowó. Bó bá wọ kíláàsì, gíláàsì fèrèsé tó ti sán ni yóò kọ́kọ́ wò, kó tó wo ojú àwọn ọmọ. Àwọn tó dá wọn lẹ́kọ̀ọ́ fún ilé ìwé ní àpò pupa kan tí báńdéèjì, ìbọ̀wọ́ àti okùn tí wọ́n fi ń fún apá pa kún inú rẹ̀. Ọ̀gá wọn, Alàgbà Ọlánípẹ̀kun, gbé e sí kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì, wọ́n sì tì í pa. Wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ de inspẹ́kítọ̀, bí ìyàwó ilé ṣe ń tọ́jú abọ́ tánganran de àlejò.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Kòfowórọlá lọ bá wọn. "Sà, ẹ jẹ́ kó wà níta."

"Wọ́n á jí i, Mísís Ayẹni. Ṣé ẹ ò mọ àwọn ọmọ yìí ni?"

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, Qonitah, ọmọ JSS 2, yọ̀ ṣubú, apá rẹ̀ sì fọ́ gíláàsì fèrèsé kọjá. Ẹ̀jẹ̀ ń tú yàà. Ọ̀gá ti lọ sípàdé ní Sẹkitéríàtì, kọ́kọ́rọ́ wà lápò wọn. Olùkọ́ kan ní kí wọ́n gbé ọmọ náà sábẹ́ ẹ̀rọ omi, òmíràn ń wá kẹrosíìnì kiri, àfi bíi pé sítóòfù ni wọ́n fẹ́ tàn. Kòfowórọlá fa ìborùn rẹ̀ yọ, ó ká a sójú egbò, ó sì fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́.

"Ó ń dùn mí, mà."

"Jẹ́ kó dùn ọ́, ọmọ mi. Ṣáà má sùn."

Bó ṣe tẹ̀ ẹ́ nìyẹn nínú kẹ̀kẹ́ títí dé ọsibítù. Nọ́ọ̀sì ló bá a gbé ọwọ́ kúrò. Ọmọ náà yè.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá pe Kòfowórọlá sí ọ́fíìsì, wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n sì fa àpò náà jáde tayọ̀tayọ̀. "Ẹ wò ó, ó pé pérépéré. Nǹkan kan ò sọnù."

Inú bí i gidigidi. Ó gba àpò náà lọ́wọ́ wọn, ó gbé e kọ́ èjìká.

"Ìyá Qonitah wà níta, sà," ló wí. "Wọ́n wá dúpẹ́. Ẹ lọ sọ fún wọn pé nǹkan kan ò sọnù."